Sáfà wẹ́ẹ̀bù ò rí sáfà dátábéèsì mọ́: kí lẹ máa ń kọ́kọ́ wò?

Oníwáyà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Tí ojú ìwé bá ṣí, àmọ́ tí dátábéèsì ò dáhùn, níbo lẹ ti máa ń bẹ̀rẹ̀?

Àgbà_Sáfà: Ẹ ka àṣìṣe tó jáde gan-an, ẹ má fò ó. "Connection refused": ẹ ti kan ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ nínú ilé. "Timed out": ó ṣeé ṣe kí firewall (ẹ̀ṣọ́ tó ń yan ohun tó lè wọlé) ti gbé ohun tẹ́ ẹ rán mì láìfọhùn. "Access denied": ọ̀nà là gbangba, orúkọ tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà ni kẹ́ ẹ lọ wò. Lẹ́yìn náà, láti orí sáfà wẹ́ẹ̀bù fúnra rẹ̀, ẹ tẹ nc -zv 10.0.0.5 3306, kẹ́ ẹ fi mọ̀ bóyá pọ́ọ̀tù (ẹnu ọ̀nà) dátábéèsì MySQL ṣí lórí sáfà dátábéèsì, tí àdírẹ́sì rẹ̀ jẹ́ 10.0.0.5 níbí. Ti PostgreSQL, 5432 ni.

Ìmọ́lẹ̀: Ẹ̀gbọ́n, mi ò fara mọ́ ti "refused" yẹn tán. Firewall tí wọ́n fi sí REJECT (kó kọ̀ ní gbangba) dípò DROP (kó dákẹ́) lè gbé e jáde bákan náà. Ti firewalld, firewall kan lórí Linux, ló tún le jù: "No route to host" ló máa ń sọ, àwọn èèyàn á wá máa tú nẹ́tíwọ̀kì palẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé pọ́ọ̀tù kan ṣoṣo ni wọn ò ṣí.

Àgbà_Sáfà: Òótọ́ ni, ẹ ṣé. Ẹ tún fi sudo ss -tlnp wo àwọn pọ́ọ̀tù tó ń gbọ́ lórí sáfà dátábéèsì. Tó bá jẹ́ 127.0.0.1:3306 lẹ rí, ara rẹ̀ nìkan ló ń dá lóhùn. Ẹ fi àdírẹ́sì sáfà dátábéèsì nínú nẹ́tíwọ̀kì yín sí bind-address nínú fáìlì ètò MySQL, kẹ́ ẹ sì restart. Ní PostgreSQL, listen_addresses ni, òun náà ń fẹ́ restart. Ti pg_hba.conf, fáìlì tó ń sọ ẹni tó lè wọlé, reload ti tó.

Kókó: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ 0.0.0.0 (gbogbo àdírẹ́sì) kẹ́ ẹ wá lọ sùn. Àdírẹ́sì sáfà wẹ́ẹ̀bù nìkan ni kí firewall gbà láyè.

bàbá_log: SELinux, ẹ̀ṣọ́ inú Linux, ńkọ́? nc á kọjá, PHP tó ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà wẹ́ẹ̀bù ò ní kọjá. Ẹ fi èyí gbà á láyè:
setsebool -P httpd_can_network_connect_db 1

Ìmọ́lẹ̀: Háà, èyí gan-an! Ẹ gbé e sókè kí gbogbo èèyàn rí i.

Oníwáyà: Tó bá wá jẹ́ àṣìṣe MySQL 1130, "Host is not allowed"?

Kókó: Àkáǹtì 'app'@'localhost' nìkan lẹ dá nìyẹn. Lójú MySQL, 'app'@'10.0.0.7' (àdírẹ́sì sáfà wẹ́ẹ̀bù) jẹ́ ẹlòmíì pátápátá. Ẹ dá a, kẹ́ ẹ fún un láṣẹ tirẹ̀.

Ìgbín: Ti 1040, "Too many connections", ẹ gbé max_connections (iye ìsopọ̀ tó lè wà lẹ́ẹ̀kan náà) sí 1000, ó parí.

Àgbà_Sáfà: Kò parí o! 151 ni MySQL fi ń bẹ̀rẹ̀, 100 ni ti PostgreSQL, ìkọ̀ọ̀kan ló sì ń jẹ mẹ́mórì. Ẹ ṣírò ná: sáfà wẹ́ẹ̀bù 4, pm.max_children (iye òṣìṣẹ́ PHP tó lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà) 50 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 200 nìyẹn. Ẹ dín àwọn children kù tàbí kẹ́ ẹ fi pool, àkójọ ìsopọ̀ tí wọ́n ń pín lò, sáàárín.

Ìgbín: Mo gbọ́, ọ̀gá. Àmọ́ pool náà ní wàhálà tirẹ̀. wait_timeout MySQL, àkókò tó fi ń fàyè gba ìsopọ̀ tó dákẹ́, jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 28800 láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn wákàtí 8. Tí pool bá di ìsopọ̀ mú jù bẹ́ẹ̀ lọ láìlò ó, "server has gone away" ló kàn.

bàbá_log: Firewall mìíràn ò tiẹ̀ ní dúró tó wákàtí 8 kó tó já a. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ orí ìsopọ̀ inú pool kéré sí ti méjèèjì.