Àfòpiná inú oko àgbàdo: báwo lẹ ṣe ń dá wọn mọ̀?

Alagbado_Iseyin: Ẹ kú iṣẹ́ o. Lálẹ́ àná àfòpiná kéékèèké bo gílóòbù ìta wa, gbogbo wọn àwọ̀ eérú. Àgbàdo mi ò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹ̀rù ń bà mí. Ta ni nǹkan yìí ti ṣẹlẹ̀ sí rí?

OmoOkeOgun: Ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní 2017. Mo rí ihò lára ewé, mo ní kòkòrò tó máa ń gún igi àgbàdo tá a ti mọ̀ tipẹ́ ni, mo bá fi sílẹ̀. Kí n tó padà dé, ọkàn àgbàdo ti di jákujàku, ìgbẹ́ kòkòrò kún ibẹ̀ bí ìyẹ̀fun pákó tútù. Mo mú ìdin kan, mo wo orí ẹ̀ dáadáa: ìlà funfun bíi Y tí wọ́n dorí ẹ̀ kodò. Nídìí ẹ̀, àmì dúdú mẹ́rin, wọ́n tò bí ojú mẹ́rin lára dáìsì lúdò.

IyaElewa: Òun gan-an nìyẹn, fall armyworm! Ìdin yẹn ló ń di àfòpiná!!

Baba_Agbe: Kòkòrò yẹn ti wà láyé bàbá mi. Wọ́n máa ń rìn bí ọmọ ogun.

OmoOkeOgun: Ẹ má bínú sà, ìyẹn dúdú, wọ́n á jọ wọ́ tìrítìrí látoko kan sí èkejì. Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni èyí ti wá, 2016 ni wọ́n tó kéde ẹ̀ ní Nàìjíríà.

Baba_Agbe: Ah, òótọ́ ni. Tiwa dúdú bí ìdí ìkòkò.

Agbe_Ogbomoso: Àfòpiná gan-an ló le láti dá mọ̀. Akọ ní funfun díẹ̀ létí ìyẹ́, abo ò ní. Mo gbé pańpẹ́ tó ń rùn bí abo síta, oríṣi mìíràn tún kó wọnú ẹ̀, wọ́n ní àfi ká la ikùn wọn wò lábẹ́ máíkírósíkóòpù.

IyaElewa: Èmi eérú ni mo ń bù sọ́kàn àgbàdo.

Agbe_Ogbomoso: Tójò bá rọ̀ ńkọ́ mà? Ó ti ṣàn lọ nìyẹn.

IyaElewa: Màá tún òmíràn bù! Oko mi ò tóbi.

Alagbado_Iseyin: Mo ti dé oko láàárọ̀ yìí. Mo ṣí ewé kan, mo rí ẹyin wẹ́wẹ́ tó ṣù pọ̀, nǹkan bí òwú bò ó. Mo ti fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pa. Ebè kẹta ni mo ṣì wà.