Ṣé ẹni tó ní ikọ́ fée lè wọṣẹ́ sọ́jà?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Lágere n'Ífẹ̀ ni mò ń gbé, iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń kọ́. Láti kékeré ni ikọ́ fée ti ń dà mí láàmú, ṣùgbọ́n látìgbà tí mo ti ń fa ínhélà aláwọ̀ búráùn láàárọ̀ lálẹ́, ó ti rọlẹ̀. Aláwọ̀ búlúù, èyí tí mo máa ń fà bí èémí bá há, kàn wà lápò lásán ni. Iṣẹ́ sọ́jà ló wù mí. Màmá mi ní kí n má sọ níbi àyẹ̀wò. Ṣé kí n panu mọ́?

Sọ́jà-tó-fẹ̀yìntì, Iléṣà: Àbúrò, má purọ́. Zaria ni wọ́n ti ń kọ́ ọ̀pọ̀ rìkírúùtì, ìyẹn àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ sọ́jà. Ọyẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe ọyẹ́ Ifẹ̀ o! Ètè á bó, eruku á kún imú, wọ́n á tún ní kí ẹ sáré kílẹ̀ tó mọ́. Òtútù, eruku, eré: gbogbo rẹ̀ ló ń jí ikọ́ fée. Bí èémí bá há, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ńkọ́? Wọ́n lè dá ẹ padà lóòótọ́. Ó sàn ju kí o ṣubú lọ.

Nọ́ọ̀sì: Jẹ́ kí dókítà fi ẹ̀rọ wọn agbára èémí rẹ, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Má dá búráùn yẹn dúró torí pé ara yá, òun ló mú un yá. Máa fi omi fọ ẹnu lẹ́yìn tí o bá fà á. Èéfín wẹ́dà gan-an ńkọ́? Ṣé o ń bo imú?

Olùbéèrè: Ẹ ṣé sà, ẹ ṣé mà. Mi ò kì í bò ó. Ta ló máa bá mi bá màmá mi sọ̀rọ̀ báyìí?