Ta ló ti fi yíìsì fẹ́ fèrè rí?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o. Iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì táwọn ìbejì mi gbé wálé lánàá rèé: ṣíbí ìrotíì kan yíìsì gbígbẹ, ṣíbí ṣúgà méjì, ká pò ó mọ́ omi nínú ike, ká fi fèrè ọjọ́ ìbí dé e lẹ́nu. Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó ni mo bù sí i. A jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú, fèrè ò mira. Kẹ́hìndé ti ń sunkún. Láàárọ̀ yìí mo fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tún un ṣe. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó, fèrè tó ti rọ̀ jọwọrọ gbé orí sókè! Inú mi dùn ju tàwọn ọmọ lọ.

Alásè Pọ́ọ̀fù: Omi gbígbóná lẹ fi pa á, ìyá wa. Ohun ẹlẹ́mìí ni yíìsì. Tí omi bá ti tó nǹkan bíi 60°C, ó parí. Ìka ni mo máa ń kì bọ omi tèmi. Tí mi ò bá lè ka oókan dé ẹẹ́wàá kó tó ta mí, mo máa dúró.

Mide: Ṣé ó ń mí ni?

Tíṣà Kẹ́mísírì: Ṣúgà ló ń jẹ. Níbi tí ọ́síjìn ò sí, ó ń sọ ṣúgà di ọtí, ó sì ń tú afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní carbon dioxide síta. Òun ló wú fèrè, òun náà ló ń wú búrẹ́dì.

Ọmọ Ẹlẹ́mu: Ẹ tún ń ra yíìsì! Ẹmu tí bàbá mi bá gbé sọ̀ láàárọ̀, ẹnikẹ́ni ò fi nǹkan kan sí i, kó tó di ọ̀sán ó ti ń hó. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì kan láti Oǹdó lọ Èkó nígbà kan, mo dé e pinpin. Ká tó dé Ìjẹ̀bú-Òde, ó ti wú bí ikùn aboyún. Mo ní kí dẹ́rẹ́bà dúró, ó bẹ́ gbòlà! Orí gèlè ìyá kan ló dà sí.

Alásè Pọ́ọ̀fù: Gèlè! Àbí ìyá náà ń lọ òde?

Mide: Irọ́ ni. Kẹ́ẹ̀gì kì í bẹ́.

Ọmọ Ẹlẹ́mu: Ó dáa, ìdérí ló fò. Inú mọ́tò níbẹ̀ ni mo ti dọ̀bálẹ̀. Ìyá náà nu ojú, ó ní òórùn ẹmu yẹn mú òun rántí bàbá òun. Òde ìgbéyàwó ló ń lọ.

Àdùkẹ́: Ẹmu ni ìyá mi àgbà fi ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì.

Mide: Ṣé yíìsì ló ń mú ògì náà kan?

Tíṣà Kẹ́mísírì: Bakitéríà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Yíìsì kàn wà láàárín wọn ni.

Àdùkẹ́: Ògì tèmi ń hó o, tí mo bá gbàgbé láti pààrọ̀ omi orí ẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ gbà mí, fèrè ti tóbi ju orí Táíwò lọ. Ṣé kí n yọ ọ́?

Ọmọ Ẹlẹ́mu: Ẹ gbé e síta kíákíá! Ẹ má sì jẹ́ kó kọjú sí gèlè ẹnikẹ́ni.