Ìtànṣán gámà tó yí Cygnus OB2 ká: agbo ìràwọ̀ ni àbí púlúsà?

Ọmọ_Kàbà:
Òkun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Dátà Fermi-LAT (awò gámà tó wà lójú ọ̀run) ni mo fi ń wo Cygnus Cocoon, ìyẹn ìtànṣán gámà tó yí agbo ìràwọ̀ Cygnus OB2 ká, láti 1 GeV (ìwọ̀n agbára) sókè. Bí mo ṣe ṣa dátà nìyí: evclass 128, evtype 3, zmax 90; mo sì gbà pé Cocoon rí bí òkìtì Gaussian 2°. Àjẹkù ìmọ́lẹ̀ (èyí tí àwòṣe mi kò gbé) pọ̀ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ γ Cygni (àjókù ìràwọ̀ tó bú gbàmù), bí agbára bá sì ṣe ń kéré ni Cocoon ń sanra. Kí ni mo ṣì ṣe?

Ará_Ìsánlú:
Òkun, àbúrò. Kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, kí o tó fàbọ̀ bá adìyẹ. Púlúsà (òkú ìràwọ̀ tó ń yí bírí-bírí, tó ń tàn ṣẹ́jú-ṣẹ́jú) ni akátá ibẹ̀: J2021+4026, J2021+3651, J2032+4127. Ojú LAT kò mú ní 1 GeV, ó ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká tó bí 0.8°, tiwọn á wá dà sínú Cocoon. Tún un ṣe láti 10 GeV, níbi tí púlúsà ti ń kú lọ. Tó bá di dandan kí o sọ̀ kalẹ̀ ju 10 GeV lọ, fi ephemeris (àkọsílẹ̀ bí púlúsà ṣe ń yí) gé ìgbà tí wọ́n ń tàn dànù. Tó bá ku 0.4 nínú ìyípo, ìdá 0.4 péré ni kí o kà nínú exposure (bí awò ṣe wo ibẹ̀ pẹ́ tó). Ẹni tó gbàgbé èyí, ìmọ́lẹ̀ tó máa kà á kéré ju bó ṣe yẹ lọ. J2021+4026 tiẹ̀ lágídí: ní October 2011 ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀, yíyí rẹ̀ náà yí padà. Ephemeris kan ṣoṣo kò lè gbé e.

Ìyá_Ẹ̀gbẹ́:
Tí púlúsà bá ti kúrò, gé Cocoon sí òrùka-òrùka, kí o fi ìwọ̀n gáàsì inú òrùka kọ̀ọ̀kan pín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Tó bá ń dínkù bí 1/r (r ni jíjìnnà sí àárín agbo), agbo ìràwọ̀ náà kò dẹ́kun títú pírótọ́ọ̀nù jáde, àwọn tó ń kọlu gáàsì tí gámà fi ń jáde. Tó bá tẹ́jú, ẹ̀ẹ̀kan náà ló tú wọn. Àmọ́ ṣọ́ra fún àwòrán CO, tí a fi ń wọn gáàsì: níbẹ̀, gáàsì tòsí àti tọ̀ọ́kán ń sáré bákan náà, wọ́n á lù pọ̀.

Agbára gan-an ló ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Tí ẹ̀fúùfù agbo náà bá ń sáré 2,500 km/s, tí agbára òòfà ibẹ̀ jẹ́ 10 µG, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 20 pc (parsec): bí 1.5 PeV (1 PeV jẹ́ mílíọ̀nù GeV) ni pírótọ́ọ̀nù lè dé. LHAASO (ibùdó ìwòye gámà ní Ṣáínà) sì ti rí gámà tó tó 2.5 PeV níbẹ̀, gámà kì í sì í gbà ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára pírótọ́ọ̀nù. Ìṣirò yẹn kò tó.

Ọmọ_Kàbà:
Ẹ ṣé, mà. Kí ló dé tí H.E.S.S. (awò gámà orí ilẹ̀) kò yanjú rẹ̀?

Ìyá_Ẹ̀gbẹ́:
Nàmíbíà ló wà. Cygnus ń gun bí 57° lókè Kàbà, lọ́dọ̀ tiwọn kò ju 26°, afẹ́fẹ́ tó dí ojú ti pọ̀ jù. Westerlund 1, agbo ìràwọ̀ míì, ni tiwọn: ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rí bí òrùka, gáàsì ibẹ̀ kò sì bá òrùka náà mu. Ìdí nìyẹn táwọn kan fi ń sọ pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló ń mú gámà jáde níbẹ̀, kì í ṣe pírótọ́ọ̀nù.