Ìbéèrè: Báwo ni tẹlifíṣọ̀n ṣe lè máa mú dáadáa nínú bọ́ọ̀sì tí a sọ di ilé?

Ọmọ Ọbańta

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. A yọ ìjókòó inú Coaster kan, a gbé bẹ́ẹ̀dì, síńkì àti tábìlì sí i. Òun la fẹ́ máa gbé kiri Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ká sì máa sùn sínú rẹ̀: Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè, Ìkẹ́nnẹ́, Ìpẹru, Ògèrè. Tẹlifíṣọ̀n ínṣì 24 tó ń lo fólítì 12 ló wà níbẹ̀. Bátìrì ọkọ̀ jẹ́ méjì tí wọ́n so pọ̀, àpapọ̀ wọn jẹ́ fólítì 24.

Díkódà méjì la ní. Ọ̀kan ń lo áńtẹ́nà kékeré tí a lẹ̀ mọ́ wíńdò láti inú. Ó ń mú ní Ìjẹ̀bú-Òde, àmọ́ bí a bá ti kúrò níbẹ̀, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Èkejì ni ti díìṣì, DStv. Wẹ́dà ti jó díìṣì náà mọ́ orí ọkọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti gun ọkọ̀ báyìí, sígínà á lọ. Bí a bá sì kúrò lójú kan, àtòtúntò ni.

Kí la lè ṣe? Ṣé a lè máa wò ó bí ọkọ̀ bá ń lọ? Ojúde Ọba ń bọ̀, a fẹ́ kó ti dúró dáadáa kó tó dìgbà náà.

Ẹlẹ́rọ Ṣàgámù

Ẹ kú ìrìn o. Ẹ sọ díìṣì yẹn kalẹ̀ kúrò lórí ọkọ̀. Ibẹ̀ ni ìṣòro yín ti bẹ̀rẹ̀.

Díìṣì sẹ̀ǹtímítà 80 kì í ríran ju nǹkan bíi dìgíríì méjì lọ. Bó bá yà kúrò lójú sátẹ́láìtì ní dìgíríì kan péré, ìdajì agbára sígínà ti lọ. Ẹ wá wo ọkọ̀ tó fẹ̀ tó mítà méjì: bí sípíríìnì ẹ̀gbẹ́ kan bá fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àbọ̀ rọ̀ sílẹ̀, ọkọ̀ náà ti fi dìgíríì kan tẹ̀. Ẹni kan tó gun àtẹ̀gùn lè ṣe èyí. Ìdí nìyẹn tí sígínà fi ń lọ, kì í ṣe pé díkódà bàjẹ́.

Ẹ ní kí wẹ́dà fi páìpù irin ṣe ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta tí díìṣì á máa dúró lé nílẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì tí omi kún inú wọn, tí ẹ so mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, tó láti dì í mú kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e ṣubú.

Sátẹ́láìtì tí DStv ń lò fún wa wà lókè ìlà agbedeméjì ayé ní dìgíríì 36 ní ìlà oòrùn. Láti Ìjẹ̀bú-Òde, ojú kọ́ńpáàsì á wà ní 101, ìyẹn ìlà oòrùn tó yà díẹ̀ sí gúúsù, gíga rẹ̀ á sì jẹ́ dìgíríì 52. Bí ẹ bá dé Ṣàgámù, ìyàtọ̀ kò tó ìdajì dìgíríì. Nítorí náà, jákèjádò ibi tí ẹ dárúkọ, iye kan náà ni ẹ ó máa lò. Ibi tí ọkọ̀ kọjú sí ló ń yí padà, sátẹ́láìtì kò kúrò lójú kan.

Bí ẹ ó ṣe tò ó rèé. Ẹ fi sípíríìtì lẹ́fẹ́ẹ̀lì wo òpó ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta náà, níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó dúró ṣánṣán. Má fo èyí, òun ni gbogbo iṣẹ́. Bí òpó bá ti ṣánṣán, ẹ ó gbé ìwọ̀n gíga sí 52 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ó fún nọ́ọ̀tì pa, ẹ ó fi ọ̀dà sàmì síbẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ara irin ẹ̀yìn díìṣì ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ má fojú wo abọ́ rẹ̀, torí pé LNB (orí kékeré tó wà níwájú abọ́ tó ń gba sígínà) ìsàlẹ̀ ló ń gbà á, abọ́ náà á dà bíi pé ó nàró ju bó ṣe yẹ lọ ṣùgbọ́n òkè ló ń wò. Láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀tún àti òsì nìkan ni ẹ ó máa yí bí ẹ bá dé ibi tuntun.

Kọ́ńpáàsì: ẹ jìnnà sí ọkọ̀ tó mítà márùn-ún kẹ́ ẹ tó wò ó, ti fóònù pàápàá. Irin ọkọ̀ a máa fa abẹ́rẹ́ rẹ̀. Bí ẹ kò bá ní kọ́ńpáàsì, ẹ wo díìṣì DStv orí ilé àwọn ará àdúgbò, ibi kan náà ni gbogbo wọn kọjú sí.

Ẹ yí i díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ sì dúró bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kẹ́ ẹ tó tún yí i, nítorí díkódà kì í tètè dá sígínà mọ̀. Ẹni tó bá ń yí i wìtìwìtì á kọjá lójú rẹ̀ láìmọ̀. Kúálítì (bí sígínà ṣe mọ́ tó) ni kẹ́ ẹ máa wò nínú mẹ́nù díkódà, ẹ má wo strength (bó ṣe lágbára tó). LNB nìkan lè gbé strength sókè kí díìṣì má tilẹ̀ tíì rí sátẹ́láìtì kankan. Bí kúálítì bá ti dé, ẹ rọra yí LNB fúnra rẹ̀ nínú ìdè rẹ̀ títí á fi ga jù lọ, kẹ́ ẹ sàmì síbẹ̀ pẹ̀lú. Ti agbègbè wa yìí dùbúlẹ̀ gan-an, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ bó ṣe jáde nínú páálí.

Igi ńkọ́? Ẹ wo ìhà ìlà oòrùn kẹ́ ẹ tó páàkì. Igi tó fi mítà 10 ga ju díìṣì lọ gbọ́dọ̀ jìnnà sí i tó mítà mẹ́jọ, ó kéré tán. Lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó tí kòkó àti obì pọ̀ sí, ewé tútù lè dí i pátápátá. Díìṣì ilẹ̀ tún sàn níbẹ̀: ọkọ̀ á wà lábẹ́ ibòji, díìṣì á wà lójú oòrùn ní òpin wáyà.

Táíwò Ìpẹru

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo fi kún un: E48-32 lórí DStv, sígínà ni. E16-4, owó oṣù ni tàbí kó nílò ìmúdọ̀tun, ẹ má lọ fọwọ́ kan díìṣì nítorí ẹ̀.

Ní ti iná, kí wọ́n yọ fólítì 12 láti ara ọ̀kan nínú bátìrì méjèèjì. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀.

Rẹwáyà Ìtòrò

Táíwò, àbúrò mi, rárá o. Bí wọ́n bá yọ ọ́ lára ọ̀kan, ọ̀kan yẹn á máa gbẹ, èkejì á sì kún. Ẹ̀rọ tó ń ṣájì bátìrì ọkọ̀ kò mọ̀ pé wọn kò dọ́gba, ó ń ṣájì àwọn méjèèjì pọ̀ ní 24 ni. Èyí tó kún á máa hó, omi rẹ̀ á gbẹ, èyí tó gbẹ kò ní kún láé. Kò ní pẹ́ tí méjèèjì á fi kú, ọkọ̀ kò sì ní sítáàtì láàárọ̀.

Ọmọ Ọbańta, ẹ ra bátìrì kẹta, fólítì 12, ámpù-wákàtí 100, ti ilé nìkan. Kò gbọ́dọ̀ ní nǹkan ṣe pẹ̀lú sítáàtà. Ẹ fi ṣájà tó ń sọ 24 di 12 sáàárín rẹ̀ àti bátìrì ọkọ̀, ti ámpù 20 tó, irú èyí tó ń ṣiṣẹ́ kìkì bí ẹ́ńjìnnì bá ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ínṣì 24, nǹkan bíi wáàtì 35. Díkódà, bíi 15. Àpapọ̀ 50, ìyẹn ámpù mẹ́rin àti díẹ̀. Bátìrì ọlómi, ìdajì rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa lò kó lè pẹ́, ámpù-wákàtí 50. Á gbé yín tó wákàtí mọ́kànlá bí ẹ bá so ó tààrà. Bí ẹ bá gba inú ínfátà sọ ọ́ di 220, kí ádápítà tún wá sọ ọ́ padà di 12, ẹ ó pàdánù wákàtí bíi méjì sí mẹ́ta lásán. Ẹ so ó tààrà. Sólà wáàtì 150 lórí ọkọ̀, ibi tí díìṣì ti kúrò yẹn, á dá ohun tí ẹ lò lálẹ́ padà lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn.

Ìwọ̀n wáyà ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí. Bí bátìrì bá jìnnà sí tẹlifíṣọ̀n ní mítà mẹ́fà, àlọ-àbọ̀ iná jẹ́ mítà 12. Wáyà tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1.5 mm² á jẹ fólítì 0.6 mọ́ ọn lójú ọ̀nà. Wáyà 4 kò ní jẹ ju 0.25 lọ. Bí bátìrì bá ti sọ̀ díẹ̀, 0.6 yẹn ló máa ń mú kí díkódà máa pa ara rẹ̀, kó tún máa tan ara rẹ̀, èèyàn á sì rò pé sígínà ni. Wáyà 4 ni kẹ́ ẹ rà. Fíùsì ámpù 10 kí ó wà láàárín ogún sẹ̀ǹtímítà sí orí bátìrì, kì í ṣe nídìí tẹlifíṣọ̀n. Wáyà tó bó nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì láìsí fíùsì, iná ló ń fà.

Ẹ yẹ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n wò. Bí ó bá kọ 12V nìkan, ẹ fi sítábíláísà 12 kékeré síwájú rẹ̀, nítorí bátìrì tó ń gba ṣájì a máa gun 14.4. Ẹ má sì lo ihò sìgá ọkọ̀, ó máa ń tú bí ọkọ̀ bá ti gbọ̀n.

Ìyá Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ. Kò tíì sí ẹni tó dá a lóhùn lórí áńtẹ́nà, bẹ́ẹ̀ òun ló rọrùn jù.

Ọmọ mi, yọ áńtẹ́nà yẹn kúrò lára wíńdò. Páànù ló yí ọkọ̀ ká, sígínà GOtv tàbí StarTimes alántẹ́nà kì í la irin kọjá. Gíláàsì nìkan ló ń gbà wọlé, bí gíláàsì bá sì ní tíńtì tó ní irin nínú, kò sí ọ̀nà kankan mọ́. Ìjẹ̀bú-Òde ń mú torí pé sígínà lágbára níbẹ̀.

Ra áńtẹ́nà UHF gidi, eléegun gígùn (eegun ni àwọn ọ̀pá wẹ́wẹ́ ara rẹ̀). Ra òpó tó ń fà gùn, mítà mẹ́rin sí mẹ́fà, kí o dè é mọ́ àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ọkọ̀. Gíga ló ń ṣe iṣẹ́ yìí ju owó lọ. Bí o bá débi tuntun, wo orí ilé àwọn aráàlú: ìhà wo ni áńtẹ́nà wọn kọjú sí, ṣé eegun rẹ̀ dùbúlẹ̀ ni àbí ó nàró? Ṣe tìrẹ bákan náà. Bí eegun tìẹ bá dùbúlẹ̀ níbi tí tiwọn nàró, sígínà á dínkù gidigidi bó ti wù kó ga tó. Lẹ́yìn èyí ni kó o wá ṣe scan (kí díkódà wá ìkànnì), nítorí nọ́ńbà ìgbohùnsáfẹ́fẹ́ lè yàtọ̀ láti ìlú kan sí èkejì. Àwọn kan á ti ṣe scan kí áńtẹ́nà tó kọjú síbi tó yẹ, ìkànnì gbogbo á sì parẹ́.

Bí o bá wà ní ìhà Ṣàgámù tí o fẹ́ gbìyànjú ìkànnì ọ̀fẹ́ ti Èkó, kọ áńtẹ́nà sí gúúsù ìwọ̀ oòrùn. Ìkẹjà kò ju nǹkan bíi kìlómítà 40 lọ láti ibẹ̀ bí ẹyẹ bá ń fò. Ó nílò kí òpó ga, kí ilé alájà má sì dí i.

Àti jọ̀ọ́, wo òkè kó o tó na òpó. Wáyà iná ìlú kò jìnnà sílẹ̀ láwọn àdúgbò wa. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, tí àrá ń sán, rẹ òpó sílẹ̀, kí o sì yọ wáyà lára díkódà.

Ọmọ Ọbańta

Ẹ ṣeun gan-an, Ìyá wa. Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rọ, ẹ̀gbọ́n Rẹwáyà, mo dúpẹ́. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù: ṣé kí a fi bústà kún un? Bí ọkọ̀ bá ń lọ ńkọ́? Ibo sì ni wáyà díìṣì á gbà wọlé láìsí pé òjò wọ inú ọkọ̀?

Ìyá Ìkẹ́nnẹ́

Bústà kì í ṣẹ̀dá sígínà. Ohun tó bá bá lẹ́nu ọ̀nà ló ń gbé sókè, àti ariwo inú rẹ̀. Kọ́kọ́ gbé áńtẹ́nà ga ná. Bí o bá ṣì nílò rẹ̀, kó wà lókè lẹ́bàá áńtẹ́nà, kó má ṣe wà nídìí tẹlifíṣọ̀n, kí o sì tan Antenna Power nínú mẹ́nù díkódà kí iná lè gùn ún lọ. Bí áńtẹ́nà kò bá ní bústà, pa Antenna Power. Nítòsí òpó ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, bústà lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, kí àwòrán máa já níbi tó yẹ kó mú jù.

Bí àwòrán bá ń já lálẹ́ nìkan, pa gílóòbù LED, ínfátà àti ṣájà fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o máa wo kúálítì. Èyí tó bá pa tí kúálítì gun òkè, òun ló ń dàrú.

Ẹlẹ́rọ Ṣàgámù

Bí ọkọ̀ bá ń lọ: díìṣì, rárá, àfi irú èyí tó ń fi mọ́tò wá sátẹ́láìtì fúnra rẹ̀, owó rẹ̀ kò kéré, abọ́ rẹ̀ sì kéré fún òjò wa. Ti áńtẹ́nà lè máa mú ní ìlú, á máa já lójú òpópónà. Èrò ẹ̀yìn tó bá fẹ́ wo nǹkan lórí eré, kó lo dátà: bíi GB 0.7 ní wákàtí kan fún àwòrán kékeré, ó lè tó 3 fún HD. Tẹlifíṣọ̀n kò gbọ́dọ̀ wà níbi tí dírẹ́bà ti lè rí i. Ẹ so páálí pupa mọ́ sítíárìn pé ÒPÓ WÀ LÓKÈ, kí ẹnikẹ́ni má gbé ọkọ̀ lọ láìrẹ̀ ẹ́.

Ní ti wáyà, RG6 (wáyà díìṣì tí irun irin yí bàbà àárín rẹ̀ ká) ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ má gba ojú wíńdò tàbí ẹnu ilẹ̀kùn, á tẹ wáyà pọ̀. Wáyà àárín ló ń gbé fólítì 13 tàbí 18 lọ sí LNB, bí ẹyọ kan nínú irun irin tó yí i ká bá kàn án, díkódà lè jóná tàbí kó pa iná rẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò mílímítà 16 sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, nísàlẹ̀ wíńdò. Ẹ fi rọ́bà yí ẹnu rẹ̀, ẹ fi F obìnrin-sí-obìnrin (ìsopọ̀ onihò méjì fún wáyà díìṣì) sí i tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀, pẹ̀lú ìdérí, kẹ́ ẹ fi sílíkóònù dí i yí ká. Tinú á wà níbẹ̀ títí láé, tìta lẹ máa ń fi so díìṣì. Ẹ jẹ́ kí wáyà ìta kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀ bí ìkọ́ kó tó gòkè dé ẹnu ihò, kí omi lè máa kán sílẹ̀. Ní ojú LNB, ẹ wé rọ́bà téèpù mọ́ F náà. Bí ẹ bá tú u tí bàbà àárín ti di àwọ̀ ewéko, ẹ gé ibẹ̀ sọnù, kẹ́ ẹ fi F tuntun sí i.

Rẹwáyà Ìtòrò

Kí n sọ èyí náà: bí ẹ bá ń lo jẹnẹrétọ̀ fún ṣájà, kó wà níta, kó jìnnà sí ọkọ̀, kí afẹ́fẹ́ máa gbé èéfín rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ọkọ̀, kí wíńdò ìhà náà sì wà ní títì. Ẹ má ṣe fi í sábẹ́ ọkọ̀ nítorí òjò. Oró inú èéfín náà kì í rùn, ó lè pa èèyàn lójú oorun.

Ọmọ Ọbańta

Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Díìṣì á bọ́ sílẹ̀ lọ́la, wẹ́dà á sì bẹ̀rẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta. Wáyà 4, mítà 12, fíùsì 10, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo bá gbé e sí 52 tí kúálítì kò yọ rárá, kí ni mo kọ́kọ́ máa yẹ̀ wò?

Ẹlẹ́rọ Ṣàgámù

Ẹ kọ́kọ́ yẹ òpó wò bóyá ó ṣánṣán. Lẹ́yìn náà, ẹ yí díìṣì láti 90 dé 112, díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá yọ, ẹ gbé gíga sí 50, ẹ tún yí i. Kò yọ? 54. Ẹ dán wáyà mìíràn wò kẹ́ ẹ tó ra LNB.