Bíréèkì ẹ̀yìn Ìjàpá mi ń mú, kò tú sílẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ Volkswagen Ìjàpá tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo pààrọ̀ ṣúù bíréèkì ẹ̀yìn, ìyẹn èyí tó ń fẹ̀ tẹ inú dúrọ́ọ̀mù kí táyà lè dúró. Nọ́ọ̀tì ńlá oní mílímítà 36 tó di dúrọ́ọ̀mù (ìgbá irin tó ń bá táyà yí) mú le púpọ̀. Páìpù gígùn ni mo fi bọ súpánà kó tó yí. Nígbà tí mo tò ó tán, mo ti sukudiráfà bọ ihò ẹ̀yìn, mo yí kẹ̀kẹ́ eléyín méjèèjì tó ń sún ṣúù mọ́ dúrọ́ọ̀mù títí táyà fi há, mo wá dá a padà díẹ̀díẹ̀ títí ṣúù fi ń ha dúrọ́ọ̀mù fẹ́rẹ́.

Ọ̀tún dára. Òsì ni wàhálà: kí n tó wà á dé ọjà, dúrọ́ọ̀mù ti gbóná débi pé omi tí mo ta sí i hó ṣàà!

Mi ò fọwọ́ kan okùn hanbíréèkì, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí ṣúù àtijọ́ ti jẹ tán ni wọ́n ti fà á le. Ṣé òun ni kò jẹ́ kí ṣúù padà? Àbí sípíríǹgì tó ń fa ṣúù padà ni, nítorí àtijọ́ náà ni mo dá padà? Àbí sìlíńdà kékeré inú dúrọ́ọ̀mù, tó ń ti ṣúù, ló há? Èwo ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò? Ọmọ ni mo fi ń gbé lọ sílé ìwé, mi ò sì ní gbé e jáde báyìí.