Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, ìwádìí mi ti dójú ti màmá kan níbi iṣẹ́

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ má bínú ó gùn díẹ̀. Èmi ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì kan ní Òkè-Fìà, Òṣogbo níbí, mo sì ń ṣe prójẹ́ẹ̀tì lórí ohun tó ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ máa tẹ link jìbìtì. Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ máníjà, mo wá fi email ayédèrú ránṣẹ́ sí gbogbo wa pé "owó oṣù tí a jẹ yín ti wọlé, ẹ fi password yín wò ó". Ẹni 11 nínú 26 ló kó sí i. Mo kọ orúkọ sínú rìpọ́ọ̀tù. Ọ̀gá àgbà gbé e, ó kà á síta ní mítìǹ Monday, ó ní ẹ wo màmá kaṣíà, ọdún 19 lẹ́nu iṣẹ́, wọn ò mọ ayédèrú. Màmá ò fèsì, ṣe ni wọ́n ń fi etí ìborùn nu gíláàsì wọn, wọ́n nù ún nù ún títí mítìǹ fi tú.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá wá ni ti gidi wọlé, ẹnìkan tẹ̀ ẹ́, ó pa á mọ́ fún ọjọ́ 3 torí kí wọ́n má ka orúkọ tiẹ̀ náà. Ìgbà tí email wa ń tọrọ owó lọ́wọ́ kọ́sítọ́mà ni mo tó mọ̀. Ọ̀gá tún ní kí n ṣe òmíràn lóṣù tó ń bọ̀, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ òun á yọ nínú owó oṣù ẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì Alẹ́kúwódò: Ìwọ ọmọ yìí, owó oṣù lo tún fi dán wọn wò, nílùú táwọn èèyàn ti gba ààbọ̀ owó oṣù rí? Ebi ló tẹ link yẹn. Mú àgbàlagbà kan dání, lọ bá màmá nílé, kì í ṣe ní ọ́fíìsì o, kó o dọ̀bálẹ̀.

Bọ̀dá Security: Àbúrò, ṣé ẹ ti pààrọ̀ password email yẹn? Wo settings ẹ̀ dáadáa, wọ́n sábà máa ń gbé forwarding síbẹ̀ kí lẹ́tà yín lè máa lọ bá wọn. Ẹ fóònù àwọn kọ́sítọ́mà, ẹ má fi email kan náà sọ fún wọn. Sọ fún ọ̀gá pé òfin cybercrime tí wọ́n tún ṣe ní 2024 fún yín ní wákàtí 72 láti fi tó ngCERT, ẹ̀ka ìjọba tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìkọlù orí kọ̀ǹpútà, létí, òfin dátà ti 2023 náà ní wákàtí 72 láti sọ fún NDPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo ìsọfúnni aráàlú, tó bá jẹ́ ìsọfúnni èèyàn ló jò tó sì lè ṣe wọ́n ní jàǹbá. Tẹ́ ẹ bá wá ń yọ owó, ta ló máa sọ fún yín kí wákàtí 72 tó pé? Ní tìwádìí ẹ, fa orúkọ yọ, kó o sì ka iye ẹni tó sá wá sọ fún ẹ àti bó ṣe tètè sọ ọ́ tó.

Ọmọ Ìgbọ̀nà: 😂 ọ̀gá fúnra ẹ̀ ńkọ́, ṣé kò tẹ̀ ẹ́?

Èmi tí mo béèrè: Ó tẹ̀ ẹ́. Ó wà nínú àwọn 11 yẹn, ẹ̀rù ló bà mí tí mi ò fi kọ tiẹ̀.

Ìyá Ìbejì Alẹ́kúwódò: Háà! O wá mọ̀ ọ́n bò fún ẹni tó ń sanwó fún ẹ.

Èmi tí mo béèrè: Ẹ jọ̀ọ́ ma. Mo ti bẹ ẹ̀gbọ́n mi, alẹ́ òní la máa lọ sílé màmá.